"Ìkarahun" kọ́ ni shell

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé kí á máa pe shell, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń tẹ àṣẹ sí, ní "ìkarahun" lédè Yorùbá, mo rí ibi tí wọ́n ti mú un. Wọ́n ní kernel, ètò inú lọ́hùn-ún tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni èkùrọ́, kí ohun tó bò ó sì jẹ́ ìkarahun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èkùrọ́ wo ló ń gbé inú ìkarahun? Ìgbín ló ni ín. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ẹ bọ́ ọ lára rẹ̀, ó kú nìyẹn. Shell kò rí bẹ́ẹ̀. Bash, irú shell kan, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo tẹ chsh, àṣẹ tí a fi ń pààrọ̀ shell, mo bọ́ sí zsh, irú mìíràn, kernel kò tilẹ̀ mira.

Louis Pouzin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ shell lórúkọ yẹn ní nǹkan bí 1965, nígbà tí wọ́n ń pète Multics, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ kan. Àwòrán tirẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni kí á wò: ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ó ń gbé e tọ kernel lọ, ó ń mú èsì bọ̀. Kí la ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe alárenà?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárenà a yẹ̀ba. Ó kúkú ń yẹ̀ba! Ẹ ṣí vim, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì: ẹ̀yin àti vim lẹ jọ ń sọ̀rọ̀, shell ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ọ̀nà jáde níbẹ̀ ni yóò tún yọjú pẹ̀lú àmì $ rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni alias, orúkọ tí a fúnra wa fún àṣẹ kan nínú shell. "Orúkọ mìíràn" tí à ń kọ kiri yẹn kò níyọ̀ rárá. Inagijẹ ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀ lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ "ls -lah", àṣẹ tó ń to àwọn fáìlì síta, di "ll". Inagijẹ kì í sì í pa orúkọ àbísọ rẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú server, mo fọwọ́ ara mi pa odindi fódà kan rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi "rm", àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, ṣe inagijẹ "rm -i", kó máa bi mí kó tó pa nǹkan. Síbẹ̀, bí mo bá tẹ \rm, ẹni àkọ́kọ́ náà ló ń dáhùn. Inagijẹ tí ẹ kò bá sì kọ sínú .bashrc, fáìlì tí Bash máa ń kà bó bá ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ti pa tẹ́míná, fèrèsé tí à ń tẹ àṣẹ sí, kò sẹ́ni tó tún máa fi pè é mọ́.

Prompt, àmì tí shell fi ń sọ pé òun ti ṣe tán láti gba àṣẹ, ló kù tí n kò tíì rí orúkọ mú fún. "Ìtọ́ka" tí àwọn kan ń lò, cursor, àmì tó ń fi ibi tí à ń kọ̀wé sí hàn, ti gbà á. Nínú .zshrc tèmi, tó jẹ́ .bashrc ti zsh, mo ti yí PS1, ibi tí a ti ń ṣètò prompt, padà: dípò %, "Ó yá:" ló ń kọ sí mi lójú. Bóyá ibẹ̀ la ó ti mú un.