Àgbọ́kọ ni, kì í ṣe àdàkọ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ orin jáàsì ní Yorùbá. Àwọn tó ń kọ́ fèrè sakisofóònù jáàsì máa ń tẹ́tí sí sólò àgbà onífèrè (ibi tí òun nìkan ti ń dá fọn tirẹ̀ nínú orin) lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, títí wọn yóò fi lè fọn ọ́n bó ṣe fọn ọ́n gẹ́lẹ́. Ẹ ní ká pe iṣẹ́ yìí ní "àdàkọ". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń da nǹkan kọ, ojú ìwé ló ti rí i. Akọ̀wé lè da lẹ́tà kọ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Onífèrè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí etí rẹ̀ ò bá tíì gba ohùn náà, ìka rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan mú.

Ẹ wo Charlie Parker, àgbà onífèrè sakisofóònù jáàsì ará Amẹ́ríkà. Ní ìgbà ooru ọdún 1937, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn òkè Ozark, ní Missouri. Ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin Count Basie dání nítorí Lester Young tó ń fọn fèrè níbẹ̀, ó sì ń fọn sólò rẹ̀ tẹ̀ lé e títí gbogbo rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó padà sí Kansas City, àwọn tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ gbà fún un. Lennie Tristano, afọ́jú tó ń tẹ dùùrù ní New York, sọ ọ́ di òfin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: fi ẹnu kọ sólò Lester Young ná, kó o tó fi fèrè fọn ọ́n. Ọ̀nà yẹn ni Lee Konitz àti Warne Marsh, onífèrè sakisofóònù méjì tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti mú "àgbọ́kọ" tí mo fẹ́ ká fi rọ́pò "àdàkọ". Kọ tó wà nínú orin kíkọ àti kọ tó wà nínú ìwé kíkọ, ohùn àárín kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó méjèèjì: gbọ́ ọ, fi ẹnu kọ ọ́, lẹ́yìn náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wù ọ́. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ gbé ohùn sókè tó pè é ní "àgbọ́kọ́", ẹ̀kọ́ náà kúkú ni. Ọmọ àyàn kì í ka ìlù nínú ìwé. Etí ló fi ń gba ohun tí gángan bàbá rẹ̀ ń sọ.

Wọ́n á ní ìwé sólò Parker wà lọ́jà láti 1978. Ó wà, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ohùn tó fọn tí kò jáde tán, ibi tó ti mí, bó ṣe ń rọra fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìlù, ìlà orin kankan ò gba ìyẹn dúró.

Sólò ńkọ́? Ẹnì kan dábàá "àdákọ". Rárá o. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì ohùn, báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àdàkọ? Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àdáfọn", bí àdáṣe. Ẹni tó bá fẹ́ máa pè é ní sólò, kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìdánrawò" tí wọ́n dábàá fún fífọn nǹkan léraléra kó lè mọ́ni lára náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ohun tí tíṣà fi ń dán ọmọ wò ni. Onífèrè á fọn ohùn kan ṣoṣo gbọọrọ títí èémí á fi tán. Á mú gbólóhùn kan nínú àdáfọn Parker, á gbé e káàkiri kíì méjèèjìlá (ìyẹn ìpele ohùn tí orin lè dúró lé), jẹ́jẹ́ ná, kó tó yára. Láyé ìgbà kan, àwọn kan tilẹ̀ máa ń dín yíyí rẹ́kọ́ọ̀dù kù láti ìgbà 33 sí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn náà á lọ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n etí á rí i mú. "Àfọntúnfọn" ni mo pè é, bí àwítúnwí.

Ó wá ku kíì fúnra rẹ̀. Mi ò ní gba "kọ́kọ́rọ́". Àwọn irin tí ìka ń tẹ̀ lára fèrè náà, kíì kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ méjì la sì nílò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì, kí lẹ máa ń sọ bí orin bá ga jù fún akọrin tẹ́ ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀?