Páálí tí mi ò ṣí fún ọdún mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, lórí ọ̀rọ̀ kíkó nǹkan pamọ́ àti fífún ẹlòmíì tí a ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ìgbà tí à ń kó kúrò nílé tí a wà tẹ́lẹ̀ ni mo rí páálí mẹ́rin lókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí ni mo kó síbẹ̀ gan-an, mo bá ṣí i, aṣọ ni o, bàtà, báàgì, òmíì ò tíì kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Kòkòrò ti jẹ aṣọ, ara bàtà ti ń bó. Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́dún tí mo ra àwọn nǹkan yẹn, arábìnrin kan ní ìjọ wa tọrọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sí íńtáfíù, mo ní mi ò ní. Mi ò sì parọ́ o, mi ò rántí ni! Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ẹ́kísódù 16 ló ń dún lọ́kàn mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, òmérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bíi lítà méjì àti díẹ̀, àwọn kan wá ṣẹ́ ẹ kù di àárọ̀, ó dìdin, ó ń rùn. Èmi tí mò ń fi kọ́ àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù!

*

Àǹtí mi, ti èmi yàtọ̀ o. Mo ka 1 Tímótì 6:8 pé oúnjẹ àti aṣọ ti tó, mo bá ní mi ò ní fi kọ́bọ̀ pamọ́ mọ́, gbogbo ẹ ni mò ń pín, wọ́n sì ń yìn mí, ó ń dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ bọ́, oṣù méjì péré, mo ti ń yáwó kiri lọ́wọ́ àwọn tí mo fún, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá kan ní ìjọ wa ló ní ṣé mo ka Ẹ́kísódù orí 16 yẹn tán ṣá? Lọ́jọ́ kẹfà òmérì méjì ni wọ́n kó, èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìsinmi ò rùn. Jósẹ́fù náà ní Íjíbítì, kí ìyàn tó dé, ìdá kan nínú márùn-ún irè oko ló ní kí wọ́n máa kó pamọ́ fún ọdún méje. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo délé mo ṣírò.

*

Tèmi ò gùn. John Wesley, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, nígbà tí pọ́ùn 30 ń wọlé fún un lọ́dún, ó ń ná 28, ó ń fi 2 tọrẹ, ìgbà tó di 60, 28 náà ló ń ná. Wọ́n fi kún owó oṣù mi, mo ní kí n dán an wò. Oṣù kìíní lọ dáadáa, oṣù kejì mo pààrọ̀ fóònù tí ò bàjẹ́ 😅 Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ ṣá.

*

Èmi onípáálí rèé. Mo bá arábìnrin yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní aládùúgbò òun kan tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá ló yá òun láṣọ lọ́jọ́ náà, òun sì gba iṣẹ́ yẹn.