Ẹni tó ní "mi ò mọ̀" àti ẹni tó ní "kò sí": kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, atheist (ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run) tó ń bẹ̀rù ni. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nílé wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyá mi, Mùsùlùmí sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí. Iléya dé, a jẹ ẹran. Kérésì dé, àwọn náà wá jẹ ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo gbà gbọ́. Èmi ni mo bi ara mi nígbà tí mo dàgbà. Mo wádìí, mi ò rí ẹ̀rí tó fi dá mi lójú pé Ó wà, mi ò sì rí èyí tó fi dá mi lójú pé kò sí. Ibẹ̀ ni mo wà títí dòní.

Ibi tó ti máa ń le ni àmín. Ẹ mọ ilé Yorùbá, àdúrà la fi ń kíni, òun náà la fi ń dágbére. Lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ṣe é. Ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ lẹ́nu: "Omi ò lọ́tá, o ò ní lọ́tá." Ó mú orógbó: "Wàá gbó, wàá tọ́." Nígbà tó kan oyin, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá ètè, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bó bá ti wúre kan tán, á gbójú sókè wò mí, á dúró de àmín bàbá ọmọ. Mo ṣe àmín náà tọkàntọkàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ atheist pọ́ńbélé jókòó tì mí, kò la ẹnu. Nígbà tí a jáde, ó ní mò ń ṣe àgàbàgebè. Mo ní rárá o. Ohun tí bàbá yẹn ń tọrọ fún ọmọ mi, èmi náà ń fẹ́ ẹ; bóyá ẹnì kan ń gbọ́ ọ lókè ni mi ò lè sọ. Ó dá ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ lójú pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Báwo la ṣe wá jẹ́ ọ̀kan náà?

Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba tó dá orúkọ agnostic (ẹni tó ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà) sílẹ̀ lọ́dún 1869, sọ pé ìlànà ni: ohun tí o ò lẹ́rìí sí, má sọ pé ó dá ọ lójú. Ìlànà yẹn bá oníwàásù wí, ó sì bá ọ̀rẹ́ mi wí. Darwin náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ̀wé lórí bí àwọn ohun alààyè ṣe ń yí padà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1879 pé òun ò fìgbà kankan jẹ́ atheist tó ń sẹ́ Ọlọ́run, pé bí òun ṣe ń dàgbà sí i, agnostic ló sábà máa ń bá ìrònú òun mu.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ìlú wa ni Tai Solarin dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ sí lọ́dún 1956. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń dáko, wọ́n ń mọlé. Ìgbé ayé èèyàn lèmi fi ń mọ ohun tó gbà gbọ́. Nígbà tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀ sílé ìwòsàn, mi ò gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ní òun "ò mọ̀" jókòó tì mí, kò gbàdúrà. Ojú dókítà ni àwa méjèèjì ń wò. Bertrand Russell, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ìlú Ọba, sọ ọ́ lọ́dún 1947 pé lójú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, agnostic ló yẹ kí òun pe ara òun, torí kò sí ẹ̀rí àrídájú pé Ọlọ́run ò sí. Ṣùgbọ́n lójú ará àdúgbò, atheist ni òun, torí bí òun ò ṣe lè fi ẹ̀rí hàn pé Ọlọ́run ò sí, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ò lè fi hàn pé àwọn òrìṣà Gíríìkì àtijọ́ bíi Zeus ò sí. Ta ló ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá Zeus wà?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tèmi. Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Sẹ̀lẹ́ ni mo wà. Ọkọ mi ló ń sọ pé òun ò mọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní tirẹ̀ ní kò sí.

Gìrì mú Kẹ́hìndé lóru ọjọ́ kan. Ojú ọmọ yí, eyín ẹ̀ há pọ̀. Ọkọ mi wa ọkọ̀, mo gbé ọmọ sẹ́yìn, mò ń ké pe Jésù. Ohùn mi há, mo dákẹ́. Ọkọ mi ò wẹ̀yìn, ó ní, "Màámi, má dákẹ́ o, máa gbàdúrà lọ." Àbúrò mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé, á ní kí n di ọmọ mú dáadáa ni, kí n yéé pariwo. Ará Ìkẹ́nnẹ́, ìyàtọ̀ nìyẹn, mo fojú mi rí i.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò tún sí lẹ́yìn tèmi o. Nígbà tí ara ọmọ yá, mo fẹ́ kí a jọ jáde dúpẹ́ nínú ìjọ, kí òun náà jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló wò ó sàn. Ó tẹ̀ lé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sanwó ìdúpẹ́, ó jókòó sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè dúró níwájú èèyàn kí òun jẹ́rìí sí ohun tí òun ò mọ̀. Èmi nìkan ni mo kó àwọn ọmọ jáde. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mò ń gbàdúrà lé e lórí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní atheist níwájú mi, èmi àti olúwarẹ̀ á jọ wọ ṣòkòtò kan náà.