Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS 2, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 13 lọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé e wálé lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí owó PTA, ìyẹn owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ìtìjú mú un, kò lọ mọ́. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá fi sídìí òfì híhun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ní kí n san owó náà, ó ní ta ni ìwé ń bọ́ láyé ìsinsìnyí. Òun ló tọ́ mi dàgbà, mi ò lè bá a fa ọ̀rọ̀. Ṣé kí n mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn?

Tíṣà Ìjọba: Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ìwé kíkà di dandan: pírámárì ọdún 6, JSS ọdún 3, ọ̀fẹ́ sì ni. Owó PTA, ẹ̀yin òbí lẹ dá a sílẹ̀ nípàdé, kò yẹ kí wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ fi tíṣà kíláàsì sílẹ̀, wọ́n ń fúngun mọ́ àwa náà ni.

Bàbá Ìbejì: Ṣebí òfin yẹn mú òbí náà? Ẹ fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á.

Tíṣà Ìjọba: Ìbáwí ni ti àkọ́kọ́. Bó bá tún ṣe é, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1. Èmi ò tíì rí ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ mú o.

Ẹni tó béèrè: Háà, kí n fi ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi? Ibo ni mo máa forúkọ sí nínú ẹbí?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ẹ má mú un kúrò nílé, àǹtí. Bàbá mi wà nínú àwọn tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955, ìrọ̀lẹ́ ló ń hun òfì. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe tí mo fi ka ìwé mẹ́wàá. Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé iṣẹ́ ọwọ́ ò dáa, inú á bí i. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ìwé ní àárọ̀, kó fún òfì ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun. Mo pè wọ́n lánàá, ẹ̀gbọ́n mi ti rọ̀ díẹ̀. Ọmọ gan-an ló kù. Ó ní òun ò lè wọ kíláàsì yẹn mọ́.

Tíṣà Ìjọba: Ẹ ní kí ọ̀gá gbé e láti 2A lọ sí 2B. A máa ń ṣe é.