Lefebvre, Fabre, Le Goff: orúkọ alágbẹ̀dẹ nílẹ̀ Faransé

Ìyá Ṣadé, Lille: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lefebvre ni ọkọ ọmọ wa ń jẹ́. Níhìn-ín, béèyàn bá ju òkò sọ́jà, Lefebvre ló máa bà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ìdílé kan ni gbogbo wọn?

Bàbá Wálé, Lyon: Alágbẹ̀dẹ ni, mà. Faber ni Látìnì ń pe oníṣẹ́ irin, Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di fèvre. Forgeron ni wọ́n ń sọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè gbọ́ ọ nínú orfèvre, alágbẹ̀dẹ wúrà. Ẹ má pe b yẹn o, kò ní ohùn. Àwọn akọ̀wé ló fi há a láàárín kí Látìnì lè hàn níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, u àti v kò yàtọ̀ lójú ìwé, làwọn kan bá kà á sí Lefébure, òun náà sì di orúkọ ọ̀tọ̀.

Kì í ṣe ìdílé kan rárá. Abúlé wo ni ò ní alágbẹ̀dẹ? Oníkálukú ló ń fi iṣẹ́ pe tiwọn. Ṣé Ògúndípẹ̀ Abẹ́òkúta àti Ògúndípẹ̀ Oǹdó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ni?

Àǹtí Rẹ̀mí, Marseille: Nord, Pas-de-Calais àti Picardie ni Lefebvre pọ̀ sí jù. Lọ́dọ̀ tiwa ní gúúsù, Fabre ni. Faure ní Dauphiné àti Limousin, Favre ní Savoie. Ní Bretagne, Le Goff. Ní Alsace, Schmitt. Òòlù kan náà ni gbogbo wọn ń lù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wọn, kó wa fáìlì orúkọ ìdílé tí INSEE, àjọ ìṣirò ìjọba Faransé, gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́: iye ìbí láti 1891 sí 2000, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Martin ló wà lókè pátápátá, Lefebvre wà láàárín 20 àkọ́kọ́. Ìbí ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kà o, kì í ṣe àwọn tó wà láàyè. Lẹ́tà ńlá láìsí àmì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà Lefèvre àti Lefevre wà lójú kan.

Bọ̀dá Kúnlé, Paris: Tó bá jẹ́ ìdílé lẹ fẹ́ wádìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ẹ gba copie intégrale (ẹ̀dà kíkún) ìwé ìbí ọkọ wọn ní mairie (ọ́fíìsì ìlú) ibi tí wọ́n bí i sí, kò gba kọ́bọ̀. Orúkọ òbí wà níbẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ gòkè. Ìwé ìbí tó bá ti ju ọdún 75 lọ, ẹ wá a lórí ìkànnì archives départementales, ibi tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Tables décennales, àtòjọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n to orúkọ sí. Ṣáájú 1792, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ibi tó ti ń dojú rú: 1793 sí 1805, kàlẹ́ńdà mìíràn, ti ìjọba olómìnira tuntun, ni wọ́n lò. «12 vendémiaire an VII» (ọjọ́ kejìlá oṣù vendémiaire, ọdún keje) kì í ṣe 1807 o, 3 Oṣù Kẹwàá 1798 ni. Ìwé ìbí Paris ṣáájú 1860 jóná ní 1871, díẹ̀ ni wọ́n rí tún kọ. Bẹ́ ẹ bá sì rí Lefevre, Lefebvre àti Lefebure fún ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹ má jù ú nù; bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Àwọn tó ń ta «àmì oyè ìdílé Lefebvre» nínú férémù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìdílé kan ló ni àmì oyè, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ìyá Ṣadé, Lille: Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ jẹ́ Adéyẹmí pẹ̀lú Lefebvre.

Àǹtí Rẹ̀mí, Marseille: Ó ṣeé ṣe, mà. Kí bàbá àti ìyá jọ fọwọ́ sí déclaration conjointe de choix de nom, ìwé tí òbí méjèèjì fi ń yan orúkọ ìdílé ọmọ, kí wọ́n mú un dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n ní lẹ́yìn ìbí. Àlàfo ló máa wà láàárín orúkọ méjèèjì, kì í ṣe dáàṣì. Èyí tí wọ́n bá yàn fún àkọ́bí ni àwọn àbúrò rẹ̀ náà máa jẹ́. Ní ti àmì orí Adéyẹmí, é wà nínú èyí tí ìjọba Faransé gbà, ẹ àti í kò sí. Bí ìwé ìbí ìyá bá ti kọ Adeyemi, Adeyemi ni wọ́n máa kọ fọ́mọ.