Kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá wòlíì

Akọ̀wé Ìran:
Ẹnu àwa fúnra wa la fi ń tú àṣírí fún aríran. Ẹ ò tíì jókòó tán, ẹ ti ní, "Bàbá, ọkọ mi ti kó jáde, ìyá rẹ̀ ò fẹ́ mi." Ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní òun rí obìnrin àgbà kan nílé ọkọ yín. Ilé ọkọ wo ni kò sí obìnrin àgbà? Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ ní àdúrà lẹ wá gbà, kí ẹ sì panu mọ́. Bí ìran bá wá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Kérúbù àti Séráfù ń kọ ìran sílẹ̀, Sẹ̀lẹ́ náà ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kọ tòun, ẹ bi í léèrè ìdí. Diutarónómì 18:22 ní èyí tí kò bá ṣẹ, Olúwa kọ́ ló sọ ọ́. Láìsí ọjọ́ lórí ìwé, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?

Ìyá Àdúrà:
Ẹ fi ti owó kún un. Àbẹ́là àti òróró, ẹ fọwọ́ ara yín rà á lọ́jà. "Ẹ fowó ránṣẹ́, a ó bá yín rà á" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní iṣẹ́ ti wọnú, bí ẹ bá dá a dúró yóò já lé ọmọ yín lórí. Ìbẹ̀rù yẹn gan-an lọjà tí wọ́n ń tà. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì. Géhásì tó sáré tẹ̀ lé e lọ gbà á, ẹ̀tẹ̀ ló gbé wálé. Ìwẹ̀ òru lódò ńkọ́? Obìnrin kì í dá tẹ̀ lé wòlíì lọ. Kò sí àlàyé kankan níbẹ̀.

Ajíhìnrere:
Ààwẹ̀ tèmi. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó wá ń gbààwẹ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, oúnjẹ ò sì sí nínú. Òógùn tútù àti gbígbọ̀n ara ló ń kọ́kọ́ dé, kó tó dákú. Àwọn kan á ní Ẹ̀mí ló gbé e! Ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà bó bá ṣì lè gbé e mì. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni. Òótọ́ ni pé àwọn Aládùúrà ìgbà ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà, lọ́dún 1930, ò lo oògùn, débi pé ọ̀rọ̀ kúnínì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó. Síbẹ̀, wòlíì tó bá ní kí ẹ ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù lónìí, ẹ dìde níbẹ̀. Aláboyún àti ọlọ́gbẹ́ inú, ẹ jẹun kí ẹ ka Sáàmù yín.