Velour kì í ṣe àrán: lórí orúkọ fìlà onírun

Ẹ̀yin ará, okun o.

Lórí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ sínú ìwé atúmọ̀, ẹni tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní kí a máa pe velour, fìlà àtijọ́ tí irun ojú rẹ̀ ń dán tó sì rọ̀ múlọ́múlọ́, ní «fìlà àrán». Ẹnì kejì, tí iṣẹ́ òfì ilẹ̀ Bùnú kò ṣàjèjì sí, gbè é lẹ́yìn, ó sì ní kí felt fúnra rẹ̀, irun ẹran tí a fún pọ̀ tí a fi ń ṣe irú fìlà bẹ́ẹ̀, máa jẹ́ «aṣọ dàdá». Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yìí wọlé sí mi lára. Àrán ni n kò gbà.

Mo mọ ibi tí àrán ti wá. Velours ni àwọn Faransé ń pe àrán, wọ́n sì fi orúkọ náà pe fìlà yìí torí pé ojú àwọn méjèèjì jọra. Ojú nìkan ló jọra ṣá o. Híhun ni à ń hun àrán: òwú kan nàró, òmíràn dábùú, ẹ̀kẹta yọ sókè, wọ́n wá gé orí rẹ̀ kó lè dà bí irun. Felt kò mọ òfì, kò sì sí òwú kankan nínú rẹ̀. Irun ẹran lásán ni, tí omi gbígbóná, ìrunra àti ìfúnpọ̀ mú kó lọ́ mọ́ra títí kò fi ṣeé yà mọ́.

Ẹ wo aṣọ ìpò, tiwa-n-tiwa. Òwú pupa tí àwọn ìyá Bùnú fi hun ún, ara aṣọ òkèèrè ni wọ́n ti tú u, títí kan bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù. Ohun tí a hun la lè tú. Ẹ mú fìlà felt, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ wá ibi tí òwú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ fi sáísì gé etí rẹ̀, kò ní tú, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá ṣẹ́ ẹ létí. Àrán tí a gé tí a kò ṣẹ́ létí kò ní pẹ́ tí yóò fi máa já fọ́nrán fọ́nrán. Bí a bá wá kọ «àrán» sínú ìwé atúmọ̀, télọ̀ tó kà á ní Mọ́pà tàbí Kàbà yóò gbé maṣíìnì rẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́ tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ dàdá ló dùn mọ́ mi jù. Kò sẹ́ni tó dì í, kò sẹ́ni tó hun ún, irun ló fúnra rẹ̀ wọnú ara wọn. Bí felt ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní bíi ti ẹja, ìpẹ́ yìí sì kọjú sí ìhà kan ṣoṣo, nítorí náà bí irun bá ti sún síwájú, ìpẹ́ kò jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Àmọ́ dàdá ń dúró ní ìdì ìdì, felt jẹ́ odindi kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Dàdá ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, orí rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi kọ́ orí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà.

Kí a tó sọ orúkọ tí mo mú wá, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí velour ti yà kúrò lára felt yòókù, torí ibẹ̀ ni orúkọ yẹ kó ti jáde. Fìlà olówó iyebíye, irun ehoro tàbí ti beaver (ẹranko odò kan ní òkèèrè) ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ti àgùntàn. Irun wọ̀nyí lágídí, wọn kì í tètè lọ́ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà fi ń fi mẹ́kúrì tí wọ́n yọ́ sínú ásíìdì pa awọ ẹran náà títí ṣóńṣó irun á fi pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì. Mẹ́kúrì yìí ló mú kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa gbọ̀n, kí iyè àwọn mìíràn sì dàrú. Ọdún 1941 ni Amẹ́ríkà fòpin sí i. Bí irun bá ti ṣe tán, wọ́n á fẹ́ ẹ sórí irin bàbà tó rí bí òkòtó tí wọ́n dá lu, atẹ́gùn á fà á mọ́ ọn lára, wọ́n á sì da omi gbígbóná lé e. Ohun tí wọ́n bọ́ kúrò lórí irin yìí ju fìlà méjì lọ ní títóbi, ó sì fúyẹ́ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n á máa ká a, wọ́n á máa rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n á máa fún un, títí yóò fi sunkì tí yóò sì ki.

Fìlà lásán ni wọ́n máa ń fi sáńpépà ha lójú kó lè dán borokoto. Ti velour kò rí bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń fa irun jáde láti inú ara rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́ ẹ dọ́gba. Ìlú Nový Jičín ní orílẹ̀-èdè Czech, tí ilé iṣẹ́ fìlà rẹ̀ ń ka ọdún láti 1799, wà lára ibi tí irú rẹ̀ ti gbajúmọ̀. Irun ojú velour àti ara rẹ̀, ọ̀kan náà ni, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú. Irun àrán, òwú ìdí rẹ̀ ló kàn dì í mú. Bí ìyẹn bá já, ó tán.

Bó ṣe ń tọ́jọ́ nìyẹn. Irun velour tó dọ̀bálẹ̀ ṣì lè dìde. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò ní gbígbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí eruku tó bá kan ooru omi á di ẹrẹ̀ nídìí irun. Ẹ wá gbé e sí ẹnu kẹ́tùlù tó ń hó, kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ síbi tí irun kọrí sí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibẹ̀: ibi tó ń dán ni ọ̀nà, ibi tó ṣókùnkùn ni òdì. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun ra á nígbà tí omi bá wà lára rẹ̀. Bí òjò bá pa á, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ yọ awọ inú rẹ̀, èyí tó yí orí ká tó ń gba òógùn, síta, kí ó gbẹ níbòòji. Oòrùn tàbí iná á mú kí awọ inú sunkì, fìlà á sì kéré lórí ẹni tó ni ín.

Ibi tó máa ń kọ́kọ́ pá ni iwájú orí tí ọwọ́ ń fún mú. Ọwọ́ méjì ni kí a fi mú etí rẹ̀. Ìdin òólá ló burú jù: ó ń jẹ irun lójú rẹ̀ lọ bí ipa ọ̀nà kó tó lu ihò, pípá yẹn kì í sì í dìde mọ́, kẹ́tùlù ì báà hó dọ̀la. Káńfọ̀ tí a dì sínú aṣọ, tí kò fara kan fìlà, ni wọ́n ń fi lé e.

Nítorí náà, mo ní kí felt jẹ́ «alọ́mọ́ra», kí velour sì jẹ́ «alọ́mọ́ra onírun». Lẹ́nu ọjà, «fìlà onírun» tó. Ẹni tó gbọ́ alọ́mọ́ra mọ̀ pé kò sí òwú tí òun fẹ́ tú. Ẹni tó gbọ́ onírun mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ni kí òun mú, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù.

Awọ inú tí ẹnì kan béèrè ńkọ́? «Agbòógùn» ni mo fẹ́, bí a ṣe ń sọ pé agbòjò. Kìkì pé kí ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Bí ẹ bá sọ òógùn di oògùn, oníṣègùn ni wọn yóò gbé fìlà náà lọ bá.